Títù Tí Pọ́ọ̀lù Fi Sílẹ̀ ní Kírétè: Ṣé Ìjọ Rẹ̀ Ṣì Wà?

  Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ fi pamọ́ dìgbà tí ẹ bá délé.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn la parí ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí ìwé Títù. A ti gbàdúrà ìparí, àwọn èèyàn ti ń kó Bíbélì wọn sínú àpò, ni arábìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ àwọn olùkọ́ ọmọdé bá nawọ́ sókè. Ó ní, “Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìjọ tí Títù ń tọ́jú ní Kírétè yẹn, ṣé ó ṣì wà?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín, torí pé a ò ní ìdáhùn lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wàásù nínú ìwé yẹn. A ti fi yan díákónì, a ti fi kọ́ àwọn ìyá ìjọ, a ti fi bá àwọn ọ̀dọ́ wí. Ṣùgbọ́n a ò bi ara wa léèrè rí pé kí ló gbẹ̀yìn àwọn tí Títù lọ bá. A ní kó fún wa láyè. Ìdáhùn wa rèé, arábìnrin, gbogbo ìjọ ni a sì fẹ́ kó bá ọ gbọ́ ọ.

Kírétè ni erékùṣù tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ó gùn tó 260 kìlómítà. Gíríìsì wà lókè rẹ̀, Líbíà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òkun yí i ká. Ibi tí àwa Pẹ́ńtíkọ́sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ náà la ó ti bẹ̀rẹ̀: ẹ ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 2. Nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn, Lúùkù ka orúkọ àwọn ẹ̀yà tó wà ní Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ náà. Ẹ wo ẹsẹ 11. Àwọn ará Kírétè wà níbẹ̀! Kí Pọ́ọ̀lù tó pàdé Jésù lójú ọ̀nà Dámásíkù, etí àwọn ará Kírétè ti gbọ́ iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run ní èdè tiwọn.

Bí Ọlọ́run bá fún yín lánfààní láti dé erékùṣù yìí, yálà ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tí ọkọ̀ òfuurufú ò jìnnà sí yín, tàbí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó fún ìrìn àjò ìgbàgbọ́, àwọn ibi tí a fẹ́ kí ẹ dé rèé. A tò wọ́n bí ìtàn ṣe tò wọ́n.

ÈBÚTÉ TÍ PỌ́Ọ̀LÙ DÉ

Ní etí òkun gúúsù Kírétè ni èbúté kan wà tí wọ́n ń pè ní Kaloi Limenes. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì ni Èbúté Rere. Ìṣe orí 27 sọ bí ọkọ̀ tó ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù ṣe dúró níbẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù nígbà yẹn. Ó kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ atukọ̀ àti olówó ọkọ̀ ló wọ ọ̀gágun létí. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe parí: ìjì, ebi, ọkọ̀ fọ́.

Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n fi orúkọ Pọ́ọ̀lù pè wà níbẹ̀. Kò ní ògo kankan lójú. Erékùṣù kékeré tó wà níwájú èbúté náà, táńkì epo ọkọ̀ òkun ni wọ́n kó sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ibi tó rẹwà fún fọ́tò lè kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ rántí Títù 1:5. Pọ́ọ̀lù ò jókòó sí Kírétè. Ó ṣí lọ, ó fi Títù sílẹ̀, kí ó lè tún ohun tó kù ṣe, kí ó sì yan àwọn alàgbà ní ìlú kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kíyè sí i: ilé kọ́ ni Pọ́ọ̀lù fi sílẹ̀. Kò fi owó ilé ìfowópamọ́ sílẹ̀, kò fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀. Èèyàn ló fi sílẹ̀, ó sì ní kí èèyàn yẹn lọ wá èèyàn mìíràn. Ibi iṣẹ́ náà ò sì rọrùn. Ní ẹsẹ 12, Pọ́ọ̀lù rántí pé wòlíì àwọn ará Kírétè fúnra rẹ̀ ti bú wọn ní òpùrọ́ àti ọ̀lẹ alájẹkì. Irú àwọn tí wọ́n ní kí Títù lọ yan alàgbà láàárín wọn nìyẹn o!

GORTYN, ÌLÚ TÍTÙ

Láti èbúté yẹn, ẹ gòkè lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Messara. Ibẹ̀ ni àwókù Gortyn wà, nǹkan bí 45 kìlómítà sí Heraklion. Lásìkò Títù, Gortyn ni olú ìlú fún ìjọba Róòmù ní Kírétè àti apá kan Líbíà. Ìlú òfin ni látayébáyé: ara ògiri kan níbẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ òfin ìlú sí ní ọ̀rúndún karùn-ún kí wọ́n tó bí Jésù, ó tó 600 ìlà, ẹ ṣì lè rí i lónìí. Òfin ogún, òfin ìgbéyàwó, òfin ẹrú, gbogbo rẹ̀ wà nínú òkúta.

Ìtàn ìjọ sọ pé Títù ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ níbẹ̀, pé ó darúgbó sínú iṣẹ́ náà, Gortyn ló sì kú sí. Àwọn ará ìgbà náà kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní orúkọ rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi kíkọ́ rẹ̀ sí. Ohun tó kù ṣọwọ́n: apá ibi pẹpẹ ló ṣì dúró, òkúta ńláńlá tí wọ́n gbẹ́ dáadáa. Ìyókù ti wó. Koríko ló wà níbi tí ìjọ ń jókòó sí.

Bí ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ lè rò pé ìdáhùn ìbéèrè arábìnrin wa ti dé, pé ìjọ Títù ti parí. Ẹ má tíì lọ.

ABÚLÉ ẸNI MÍMỌ́ MẸ́WÀÁ

Ìrìn díẹ̀ sí àwókù yẹn ni abúlé kan wà tó ń jẹ́ Agioi Deka. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ẹni Mímọ́ Mẹ́wàá. Ní ọdún 250, Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn rúbọ sí òrìṣà Róòmù. Ọkùnrin mẹ́wàá ní Kírétè kọ̀. Wọ́n dá wọn lóró, wọ́n sì bẹ́ wọn lórí ní Gortyn. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà ní abúlé náà ní ìrántí wọn, wọ́n sì ń fi ibi sàréè wọn han àlejò.

Ohun tó mú wa sún mọ́ ìtàn yìí ni ìlú tí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti wá. Márùn-ún jẹ́ ọmọ Gortyn. Ẹnì kan wá láti Knossos, ẹnì kan láti Lebena, ẹnì kan láti Panormos, ẹnì kan láti Kydonia, ẹnì kan láti Heraklion. Ẹ padà sí Títù 1:5: alàgbà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 190 ọdún lẹ́yìn Títù, nígbà tí idà dé, ìlú mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ẹni tó lè dúró. Ká ní Títù jókòó sí Gortyn kó máa retí kí gbogbo erékùṣù máa wá bá òun fún àdúrà ni, ìlú kan ṣoṣo ni Decius ì bá bá jà. Igi kan kì í dágbó ṣe.

Láàárín ọdún 824 sí 828, àwọn Lárúbáwá tó wá láti apá Spain gba Kírétè. Gortyn bàjẹ́, kò sì gbérí mọ́. Wọ́n sọ ìlú tí à ń pè ní Heraklion lónìí di olú ìlú, wọ́n gbẹ́ kòtò yí i ká. Fún ohun tó lé ní 130 ọdún ni wọ́n fi jọba níbẹ̀. Ní ọdún 961, Nikephoros Phokas, ọ̀gágun Késárì Constantinople, gbà á padà.

Lẹ́yìn ogun, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ wa jù dé: mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Nikon. Wọ́n fún un ní orúkọ ìnagijẹ, Metanoeite, èyí tó túmọ̀ sí “Ẹ ronú pìwà dà”, torí ọ̀rọ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwàásù nìyẹn níbikíbi tó bá dé. Ẹsẹ̀ ló fi rin erékùṣù náà fún ọdún díẹ̀, ó ń tún ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn gbé dìde. Ìjọba ti fi idà gba ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì nílò ẹni tí yóò máa lọ láti ìlú dé ìlú. Iṣẹ́ Títù kan náà ni.

PANAGIA KERA, NÍTÒSÍ KRITSA

Ní ọdún 1204, àwọn jagunjagun Ìwọ̀-oòrùn kó Constantinople, Kírétè sì bọ́ sọ́wọ́ Venice. Ó lé ní 450 ọdún tí Venice fi jọba níbẹ̀, títí di 1669. Àwọn ará Venice jẹ́ Àgùdà. Wọ́n fi bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà sórí àga Títù, wọn ò sì gbà kí Orthodox ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní erékùṣù náà. Ẹni tó bá fẹ́ di àlùfáà ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó lè gbọ́wọ́ lé e. Ẹ rò ó wò: ọ̀pọ̀ ìran tí kò ní bíṣọ́ọ̀bù.

Kí ni àwọn ará ìlú ṣe? Wọ́n lọ sí abúlé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké, wọ́n sì kun inú rẹ̀. Ní apá ìlà-oòrùn erékùṣù, kí ẹ tó wọ abúlé Kritsa, ẹ ó rí ọ̀kan tó ń jẹ́ Panagia Kera. Funfun ni lóde, ó rẹlẹ̀, iyàrá mẹ́ta tó fara kanra. Bí ẹ bá wọlé, àwòrán ló bo ògiri láti òkè délẹ̀, iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìnlá: ìbí Jésù, Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, Ìdájọ́ Ìkẹyìn. Àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé kà á wọlé, á gbójú sókè, á sì rí Bíbélì.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yà wá lẹ́nu. Lára òpó kan, wọ́n ya Francis ará Assisi, èèyàn mímọ́ àwọn Àgùdà, sínú ṣọ́ọ̀ṣì Orthodox. Àwọn àgbà ìjọ méjèèjì ń bá ara wọn jà lórí àga, àmọ́ àwọn ará abúlé ti rí ìwà rere lára ẹni tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú ìjọ ẹlẹ́gbẹ́ yín lórí Facebook, ẹ ṣé ẹ ń gbọ́ o?

AGIA EKATERINI NÍ HERAKLION

Ẹ padà wọ Heraklion. Ṣọ́ọ̀ṣì Agia Ekaterini jẹ́ ti àwọn mọ́ńkì Òkè Sínáì, láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ni báyìí. Àwòrán mẹ́fà láti ọwọ́ Michael Damaskinos, ọ̀gá ayàwòrán Kírétè, wà níbẹ̀. Ọ̀rúndún yẹn ni erékùṣù yìí bí àwọn ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀. El Greco tó di olókìkí ní Spain, ọmọ Kírétè ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i ní 1541.

Àmọ́ ọmọ Heraklion tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Kyrillos Loukaris. Wọ́n bí i níbẹ̀ ní 1572. Ó di Pátíríákì ní Alẹkisáńdíríà, ó tún di ti Constantinople, ìyẹn olórí gbogbo àwọn bíṣọ́ọ̀bù Orthodox lábẹ́ ìjọba Tọ́kì. Òun ló fi ìwé Bíbélì àtijọ́ kan, Codex Alexandrinus, ránṣẹ́ sí ọba England. Ó dé ọwọ́ Charles Kìíní ní 1627. Ọ̀rúndún karùn-ún ni wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́. Ẹ̀yin ará wa ní London, British Library ló wà, nítòsí King's Cross. Ọ̀pọ̀ yín ló ń kọjá níwájú ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Loukaris yìí kan náà ló ti ìtumọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Gíríìkì tí aráàlú ń sọ lẹ́yìn, torí pé Gíríìkì àtijọ́ ti le jù fún wọn. Ìwé náà jáde ní Geneva ní 1638. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ogun Sultan fún un lọ́rùn pa. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ nínú ìjọ wà lára àwọn tó ti ẹjọ́ rẹ̀ dé ààfin. Iṣẹ́ Ọlọ́run ń náni ní nǹkan, ẹ̀yin ará.

AGIOS MINAS, ŃLÁ ÀTI KÉKERÉ

Ọdún 21 ni àwọn Tọ́kì fi dó ti Heraklion, láti 1648 di 1669, kí Venice tó jọ̀wọ́ ìlú náà. Àwọn tó ṣẹ́gun sọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì di mọ́ṣáláṣí. Ọdún 1735 ni bíṣọ́ọ̀bù Orthodox tó rí àṣẹ gbà láti fi ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan, Agios Minas, ṣe ìjókòó rẹ̀ nínú ìlú. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré náà ṣì wà. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ ó rí i pé yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin wa ò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 1821, nígbà tí Gíríìsì dìde fún òmìnira, wọ́n pa bíṣọ́ọ̀bù àgbà Gerasimos Pardalis àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù mìíràn ní ìlú yẹn.

Ẹ̀gbẹ́ kékeré yìí ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1862. Ogun dá iṣẹ́ dúró ní 1866. Ọdún 1895 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹ bá wa sọ fún ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ tiwa pé ọdún 33 rèé o! Nígbà ogun Hitler, ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, bọ́ǹbù já lu ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kò sì bú. Ìkarahun bọ́ǹbù náà wà ní àgbàlá, kí àlejò lè rí i. A lè ṣe gbogbo ìsọjí kan lórí èyí, àmọ́ ẹ dúró kí a kọ́kọ́ dé Arkadi, níbi tí ohun tó bú ti bú.

ARKADI

Nǹkan bí 23 kìlómítà sí ìlú Rethymno, lórí òkè, ni ilé àwọn mọ́ńkì tó ń jẹ́ Arkadi wà. Ìtumọ̀ ilé mọ́ńkì ni ibi tí àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ ń gbé fún àdúrà àti iṣẹ́. Ojú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọdún 1587 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, rẹwà gan-an. Àmọ́ ẹwà kọ́ ló sọ Arkadi di olókìkí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1866, Kírétè ti dìde sí ìjọba Tọ́kì. Àwọn èèyàn 964 sá wọ Arkadi. Ó lé ní 600 nínú wọn tó jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun yí wọn ká pẹ̀lú ìbọn ńláńlá. Gabriel, olórí àwọn mọ́ńkì, kọ̀ láti jọ̀wọ́ ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn tó kù kó ara wọn sínú yàrá ẹ̀tù ìbọn. Nígbà tí ọ̀tá dé ọ̀dọ̀ wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Konstantinos Giaboudakis tinábọ ẹ̀tù náà. Yàrá náà kò ní òrùlé títí dòní. Wọ́n kó agbárí díẹ̀ nínú àwọn òkú sínú ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà.

A ò ní fi èyí kọ́ yín pé kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Rárá o. Ẹ̀rù ba àwa gan-an nígbà tí a kà á, torí àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá yẹn. Ohun tí a rí ni pé bọ́ǹbù ti Agios Minas kò bú, ẹ̀tù ti Arkadi bú, ẹni tó ń gbàdúrà ló sì wà níbi méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú irú ẹ̀rí tí à ń jẹ́, pé bí o bá nígbàgbọ́, aburú kankan ò ní kàn ọ́. Ìjọ Títù ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

AGIOS TITOS: ORÍ TÓ PADÀ WÁLÉ

Ṣọ́ọ̀ṣì Títù la fi ṣe ìparí. Lẹ́yìn 961, tí Gortyn ti di àwókù, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun fún orúkọ rẹ̀ ní Heraklion, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ síbẹ̀. Lábẹ́ Venice, ó di ti Àgùdà. Ní 1363, nígbà tí owó orí le jù, àwọn ará Venice tó ń gbé Kírétè fúnra wọn dìde sí ìjọba wọn pẹ̀lú àwọn Gíríìkì, àsíá Títù ni wọ́n sì gbé sókè. Ní 1669, bí Venice ṣe ń kó lọ, wọ́n gbé orí Títù dání. Ṣọ́ọ̀ṣì náà di mọ́ṣáláṣí.

Ní 1856, ilẹ̀ mì tìtì, ilé náà wó. Wọ́n tún un kọ́ láti 1869 sí 1872, mọ́ṣáláṣí ni wọ́n kọ́. Athanasios Moussis ni ẹni tó yàwòrán ilé náà, òun kan náà ló yàwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Agios Minas. Lẹ́yìn 1923, Gíríìsì àti Tọ́kì ṣe pàṣípààrọ̀ èèyàn: Kristẹni ibẹ̀ bọ̀ níbí, Mùsùlùmí ibí lọ síbẹ̀. A ò gbọdọ̀ ka èyí bí ẹni ń jó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí Kírétè, Gíríìkì ni èdè ìyá wọn, ibẹ̀ sì ni ilé baba wọn. Wọ́n sunkún lọ. Ní 1925, ilé náà di ṣọ́ọ̀ṣì Títù. Torí náà, ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ó wọ̀ lónìí, mọ́ṣáláṣí ni wọ́n kọ́ ọ bí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1966, Venice dá orí náà padà. Ọdún 297 ló fi wà lájò. Ó wà nínú àpótí iyebíye níbẹ̀, ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ sì ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀.

A ti ń gbọ́ yín: “Pásítọ̀, orí òkú kẹ̀?” Àwa ò kì í forí balẹ̀ fún egungun, a ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n àlejò kì í débi tán kó máa bú àga onílé. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹ bo èjìká àti orúnkún yín, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Bí wọ́n bá ń fi ẹnu ko àwòrán, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù tó pa wọ́n mọ́.

Arábìnrin wa, ìdáhùn rẹ rèé: bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì wà. Ilé Gortyn ti wó. Ilé Heraklion ti yí padà lọ́wọ́ Orthodox, Àgùdà àti Mùsùlùmí, ilẹ̀ sì ti gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Àga ti ṣófo fún ọ̀pọ̀ ìran. Orí olùdásílẹ̀ gan-an ti wà ní ìlú onílùú fún ọdún 297, àwọn èèyàn ṣì ń pé jọ lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ń ka ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ, ní èdè tó fi kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ Títù nìkan ló ń gbé iṣẹ́ náà ró, ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni ì bá parí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá, a ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Lẹ́yìn tí a ka gbogbo èyí tán, a jókòó, a ka kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wa. Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, ti yàrá ìṣúra, ti ẹ̀ka mẹ́ta. Ọdún mẹ́rìnlá la ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí. A ti ra ilẹ̀, a ti gbé òpó ńlá dúró, ẹ̀yin náà sì ti fowó sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan ò ní alàgbà tó lè ṣe ìsìnkú tàbí ìrìbọmi láìpe àwa. Bí Baba bá pè wá lálẹ́ òní, òpó á kù, kí ni ì bá tún kù? À ń kọ́ Gortyn, a ò tíì yan alàgbà.

Nítorí náà, láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò sí lọ́wọ́ wa mọ́. Àwọn mẹ́rin la ti bá sọ̀rọ̀, wọn á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, àwa á máa jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á yan alàgbà kí ọdún yìí tó parí, gẹ́gẹ́ bí Títù orí 1 ṣe là á sílẹ̀: ẹni tí ilé rẹ̀ tòrò, tí kì í jà, tí kì í wá owó èrú. Ẹ má wá sọ fún wa pé, “Daddy, wọn ò lè wàásù bíi tiyín.” Àwọn ará Kírétè gan-an, òpùrọ́ ni wọ́n pè wọ́n, inú wọn sì ni a ti rí ẹni mẹ́wàá tí kò sẹ́ Jésù lójú idà.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Baba, má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ kú sí wa lọ́wọ́. Fún wa ní Títù, sì fún Títù wa ní alàgbà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Pa àwọn èèyàn rẹ ní Kírétè mọ́ títí Jésù yóò fi dé. Ní orúkọ Jésù la gbàdúrà.

Ẹni tó bá gbà á gbọ́, kó kọ Àmín sísàlẹ̀. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ ronú orúkọ ẹnì kan tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ohun tí ẹ mọ̀. Kí Olúwa bùkún fún gbogbo yín.